Ẹ má bi àwọn àgbà ní ọdún tí wọ́n dá tíìmù sílẹ̀

Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ ìtàn tíìmù bọ́ọ̀lù àdúgbò yín ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Bàbá kan ní 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, èkejì ní 1974, ẹ̀kẹta ta kú pé 1979 ni, ẹ ò wá mọ ti ẹni tí ẹ máa gbà. Ẹ má tíì da ti ẹnikẹ́ni nù nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ òótọ́, torí ohun tí kálukú ń pè ní ìdásílẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹnìkan ń ka ìgbà tí àwọn ọmọ agbolé bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ẹnìkejì ń ka ìgbà tí wọ́n sọ tíìmù lórúkọ, tí wọ́n dáwó ra jẹ́sì. Ẹnìkẹta, tó sábà máa ń jẹ́ akọ̀wé wọn, ń ka ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù. Ohun tí ẹ máa bi kálukú ni pé: ta ló ra bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́? Ta ló sọ tíìmù lórúkọ? Àwọ̀ wo ni jẹ́sì àkọ́kọ́? Ta ló lọ forúkọ sílẹ̀? Ìdáhùn wọn kì í sábà bọ́ sí ọdún kan náà.

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà ní "ọdún wo ni," èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò sọ, bó bá sì ti sọ ọ́ tán, kò ní yí i padà mọ́. Ohun tó ń lọ nílùú nígbà náà ni kí ẹ béèrè. Owó bọ́ọ̀lù yẹn, pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n dá ni àbí náírà? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò tó gbé wọn lọ sí Ìkàrẹ́ fún ìdíje, apá òsì ló ń gbà ni àbí apá ọ̀tún? Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni gbogbo wa bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣé ogun abẹ́lé ti parí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kìíní 1970? Ṣé wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ìyẹn oṣù kejì 1976? Ṣé tíìmù IICC Ìbàdàn (Shooting Stars) ti gba ife Áfíríkà, èyí tí wọ́n gbà ní ìparí 1976 kan náà? Fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré sí ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbàgbé rògbòdìyàn ìbò oṣù kẹjọ 1983 ní Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ife àgbáyé bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ wa gbà ní Ṣáínà ní 1985. Ẹ wá ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti ohun kan tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí bàbá bá ní ogun ti parí ṣùgbọ́n ṣílè làwọn dá, a jẹ́ pé láàárín ìbẹ̀rẹ̀ 1970 sí ìparí 1972 ni. Ìyẹn lágbára ju kó kàn dá ọdún lé e.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń tú àṣírí ìtàn tó ti pò pọ̀. Bí wọ́n bá ní rẹfirí fún kápútẹ̀n wọn ní káàdì pupa ní 1966, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ míì ni wọ́n ń rántí, torí Ife Àgbáyé 1970 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo káàdì. Wọ́n lè ti lé e jáde lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi lé e. Bí ẹ bá rí tábìlì lígì ọdún 1970 sí 1980, àmì méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó borí. Ẹ má fi mẹ́ta ti òde òní tún un ṣírò, torí ipò àwọn tíìmù lè yí padà. Tíìmù Adó-Èkìtì tí ẹ bá rí nínú ìdíje ìpínlẹ̀ wa kì í ṣe àṣìṣe, a jọ wà pọ̀ títí di oṣù kẹwàá 1996 ni. "A gba ife" náà gba ìwádìí. Ife ta ni? Ife olóṣèlú tí tíìmù mẹ́jọ gbá ní ọjọ́ méjì kì í ṣe ife ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì ọdún ọ̀kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó gbà á.

Ní ti ìwé, ìwé owó tó wà lọ́wọ́ akápò wúlò ju ọ̀rọ̀ ààrẹ ẹgbẹ́ lọ. Akápò ò ní ìdí láti purọ́ pé lágbájá san owó oṣù. Ẹ béèrè rìsíìtì àjọ, lẹ́tà ìpè sí ìdíje, àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, torí orúkọ tíìmù nígbà náà wà lára òǹtẹ̀. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá jẹ́ ọmọ Aquinas tàbí Oyemekun, ẹ wá ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tó bá ti ṣáájú 1976, Ìbàdàn ni kí ẹ wá a lọ, nítorí ibẹ̀ ni olú-ìlú wa nígbà náà: ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ ní 1949 àti Daily Sketch ní 1964, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ojú ìwé ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, ti ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn tó ń tẹ̀wé ò kọ orúkọ wa bákan náà. Ní ti àdúgbò kan ní Àkúrẹ́, ẹ lè rí Isikan níbìkan, kí ẹ rí Isinkan níbòmíràn, "sh" sì máa ń wà níbi tí a ti ń kọ ṣ. Ẹ kọ orúkọ ìwé ìròyìn, ọjọ́ àti ojú ìwé sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Fọ́tò ló máa ń bàjẹ́ jù, torí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú àpótí ló wà, òjò Àkúrẹ́ ò sì dára fún un. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á. Ẹ ya á níbi tó wà, nítòsí fèrèsé, láìtan fláàṣì, kí fóònù tẹ́jú bó ṣe rí. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ skánà, 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó) ni fún fọ́tò kékeré. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò fún òǹtẹ̀ onífọ́tò. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Tádàwà bírò máa ń yọ síwájú. Láti apá òsì sí ọ̀tún ni kí ẹ kọ wọ́n, àwọn tó dúró ṣáájú àwọn tó lóṣòó, kí ẹ sì fi fọ́tò kan náà han ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò dúdú àti funfun sọ àwọ̀ jẹ́sì fún yín: pupa àti àwọ̀ ewé máa ń jọra níbẹ̀.

Ẹ má kó àwọn àgbà jọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tóhùn rẹ̀ lọ sókè jù ló máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa mi orí. Ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, níbi tí kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, kí ẹ ti ìpè pa lórí fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ lè pè wọ́n pọ̀, kí wọ́n bá ara wọn jiyàn. Bí tíìmù bá ti pín sí méjì rí, tí apá méjèèjì ń pe ara wọn ní ojúlówó, ẹ kọ ti méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ẹ fi sílẹ̀ àyàfi tí ìwé bá wà níbẹ̀.

Ní ti ọdún mẹ́ta tí wọ́n sọ yẹn, bí ìwádìí bá gbè wọ́n, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ láti nǹkan bí 1968, nǹkan bí 1974 ni wọ́n sọ tíìmù lórúkọ, wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ní 1979." Ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni "nǹkan bí" wà fún. Èyí tí ìwé gbè lẹ́yìn ni kí ó dá dúró. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí bá ń wá ọdún kan tí wọ́n máa tẹ̀ sára jẹ́sì, èyí tó ní ìwé ni kí ẹ fún wọn. Bàbá tó ní 1968 yóò bínú pé ẹ sọ tíìmù òun di ọmọdé. Ẹ ka gbólóhùn náà sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣáájú níbẹ̀.