Òkè kan, ìlú méjì: ta ni yóò kọ̀wé sí ìjọba?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, okun o. Òkè kan wà láàárín ìlú wa àti ìlú kejì ní Ìjùmú níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Orí rẹ̀ ni àwọn baba ńlá ìlú méjèèjì sá sí nígbà ogun Nupé. Àlàpà ògiri wọn àti àpáàdì ìkòkò wọn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn afọ́kúta ti ń sún mọ́ ọn. Báwo ni ìjọba ṣe lè kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí? Ṣé kò ní bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́? Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni mí.

Ìdáhùn: Àbúrò, okun o. Ti àwọn afọ́kúta ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí òkúta tó bá ti fọ́, ó ti lọ nìyẹn. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 yọ itẹ́ òkú, ibi mímọ́ àwọn baba ńlá àti ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n lè yọ̀ǹda fún wíwa kùsà. Ẹ má dúró de ìkéde kankan. Ẹ kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì, kí ẹ sì fi fọ́tò ti lẹ́tà náà lẹ́yìn.

Ní ti ìkéde, òfin ọdún 1979 gbé e lé àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Mùsíọ́mù wọn wà ní Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni kí lẹ́tà yín gbà. Bí wọ́n bá gbà pé òkè náà yẹ, wọn yóò gbé e sínú ìwé ìkéde ìjọba, wọn yóò sì fi tó ẹni tó ni ilẹ̀ létí, kí ẹni tó bá lòdì sí i lè sọ̀rọ̀ kó tó dọ́dọ̀ Ààrẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìlú méjì ti lè dà rú. Bí ẹ bá kọ "òkè wa" sínú lẹ́tà, tó sì jẹ́ pé ìwé ìjọba ni ìlú kejì ti máa kọ́kọ́ gbọ́, àtakò dé nìyẹn. Kí àwọn ọba méjèèjì àtàwọn àgbà wọn jókòó kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò. Ẹ jọ rin ààlà òkè náà, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ méjì, ẹ kọ méjèèjì. Bí ìtàn bá yàtọ̀, ẹ kọ méjèèjì. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ló jọ ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú ìwé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì sí èyí tó dín ti èkejì kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láti kó ìkòkò wá fún yín. Òfin ò gbà á láìgba ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àpáàdì tí a bá ti yọ kúrò nípò rẹ̀ kò ní ẹ̀rí tó lè jẹ́ mọ́. Egungun ènìyàn tí wọ́n rí nínú ihò àpáta ní Ìfẹ̀-Ìjùmú ti lé ní 2,000 ọdún. Bó ṣe wà ní ipele ilẹ̀ tirẹ̀ ló jẹ́ kí a lè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkéde kì í ṣe gbígba ilẹ̀. Wọ́n kéde igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lọ́dún 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 lọ́dún 1992, síbẹ̀ àwọn olórìṣà ṣì ń bọ odò wọn lọ́dọọdún. Ohun tí yóò kúrò lọ́wọ́ yín ni kí ẹ máa kọ́lé síbẹ̀ tàbí kí ẹ máa tún un ṣe bó ṣe wù yín láìgba àṣẹ. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì ronú UNESCO rárá. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè fa ibì kan kalẹ̀ níbẹ̀, Òkè Ìdànrè pàápàá ti wà lórí ìwé àwọn tó ń retí láti ọdún 2007.

Nígbà tí ẹ bá ń gun òkè náà, ẹ mú àwọn ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì le dání. Ojú ibi tí wọ́n ti lọ ọkà lára àpáta àti ibi tí wọ́n ti pọnmi, àwọn ni ìyá wọn fi hàn.