Èsì: Bátìrì tó kún nílẹ̀, tó ń já lójú òfuurufú

Ẹ kú ewu o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bátìrì 3S yín (oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta) kún nílẹ̀, àmọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ẹ ń fi rímóòtù darí bá gòkè tán, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ lójijì, ẹ ó sì ṣì máa darí rẹ̀ wálẹ̀. Tí apá àti ìrù bá ṣì ń gbọ́ràn, bátìrì kò tíì kú pátá nìyẹn. ESC, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì, ló gé iná ẹ́ńjìnnì kí receiver (ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rímóòtù yín) lè rí iná lò.

Òótọ́ ni, 3S tó kún a máa fi 12.6 volt hàn, 4.2 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn nígbà tí kò ru ẹrù kankan. Bátìrì tó ti gbó, tí ẹ bá tẹ throttle (ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì yára) dé òpin, sẹ́ẹ̀lì kan á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Torí náà, ẹ di ọkọ̀ mú dáadáa (ẹ má dúró níwájú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ o!), ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíì máa wo mítà tó ń fi volt sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá já jìnnà sí àwọn yòókù ni ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ẹ ń wá. Ẹ fọwọ́ kan ojú ìsopọ̀ wáyà náà lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ó gbóná.

Ṣé inú búùtù mọ́tò lẹ máa ń tọ́jú rẹ̀ sí nínú oòrùn Ìkòròdú yìí? Ooru ibẹ̀ ń ba LiPo, irú bátìrì tí ẹ ń lò yìí, jẹ́, pàápàá tó bá kún. Tí ẹ kò bá ní fò, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí 3.8 volt fún sẹ́ẹ̀lì kan. Èyí tó bá ti wú, ẹ má fi fò mọ́.