Ìwé wo ni kí n rà fún apá ìṣèlú nínú ìdánwò iṣẹ́ ìjọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mò ń múra ìdánwò láti wọ iṣẹ́ ìjọba. Ìṣirò kò dà mí láàmú, apá ìṣèlú ló ń já mi láyà. Ìwé tí àwọn èèyàn ní kí n rà ti pé méje. Owó mi kò ká gbogbo wọn, àyè àtikà wọ́n gan-an kò sí. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ẹ má tíì ra ìkankan nínú méjèèje. Nǹkan méjì ló ṣáájú wọn: ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́, àti àwọn ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tí mo ń kọ́ ṣe máa ń ka àlàyé lórí ìwé òfin láìṣí ìwé òfin fúnra rẹ̀ wò rí.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìbéèrè àtijọ́ yẹn. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́, ètò ìdìbò, èrò àwọn onímọ̀ ìṣèlú. Ibi tí wọ́n fẹ́ràn láti máa bi èèyàn yóò hàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bèèrè Montesquieu, onímọ̀ ìṣèlú àtijọ́ ará ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì bèèrè bí àbádòfin ṣe ń di òfin lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìwé tó fi ìdajì ara rẹ̀ rò nípa àwọn onímọ̀ àtijọ́ kọ́ ni tiyín.

Tó bá wá kan ìwé àlàyé, ẹ mú ìbéèrè kan tó ti ṣòro fún yín dání lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ká ní ó jẹ́ bí wọ́n ṣe ń yọ adájọ́ àgbà nípò. Ẹ ṣí ojú ewé ibẹ̀. Bí gbogbo ohun tó sọ kò bá ju pé “a lè yọ adájọ́ tó bá ṣìwà hù” lọ, ẹ dá a padà. Ìwé tó mọṣẹ́ yóò sọ ẹni tó ń yọ ọ́, ilé tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, iye ìbò tó gbọ́dọ̀ pé, àti abala tó wà. Ti Nàìjíríà, bí àpẹẹrẹ, wà ní abala 292: ààrẹ ló ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Inú irú gbólóhùn yẹn ni wọ́n ti ń fa ìbéèrè yọ.

Ọjọ́ orí ìwé ló ká mi lára jù. Ẹnì kan tí mo kọ́ mọ ìwé rẹ̀ bí ẹní mowó, ó sì kọ 40 sílẹ̀ fún ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò ààrẹ Nàìjíríà. Àtúnṣe 2018 ti sọ ọ́ di 35. Ó dùn mí gan-an, torí èmi náà rí ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Japan: láti 2016, ẹni ọdún 18 ti lè dìbò, ó ti ń jẹ́ 20 tẹ́lẹ̀. Ìwé tó bá sì ṣì ń ka orílẹ̀-èdè 192 nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti pẹ́. 193 ni láti 2011, nígbà tí Gúúsù Sudan wọlé. Ẹ wá àtúnṣe kan tó dé bá òfin ilẹ̀ yín láìpẹ́ yìí, kí ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ má gbára lé ọdún tó wà lẹ́yìn ìwé, torí wọ́n lè tún ìwé tẹ̀ láìtún un kọ.

Ìwé àlàyé kan tó, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi ìwé ìbéèrè kan tì í, èyí tó ń sọ ìdí tí ìdáhùn tó kù fi kùnà. Ti ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ má náwó sí i. Ìròyìn ojoojúmọ́ àti ìwé ìkọ̀wé kékeré ti tó.

Ẹ wá ṣa mẹ́wàá nínú àwọn ìbéèrè àtijọ́ yẹn, kí ẹ fi wọ́n yẹ ìwé méjèèje wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dáhùn tó mẹ́jọ láìfi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni kí ẹ sanwó rẹ̀.