Ẹ̀jẹ̀ Tí Kì Í Tètè Dá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 12, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù. Àkọ́kọ́ gba ọjọ́ 9, èkejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti kékeré ni imú rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀, a máa ń sọ pé oòrùn Abuja ló fà á. Dókítà ní ó lè jẹ́ àrùn von Willebrand, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ọkùnrin nìkan ni àrùn ẹ̀jẹ̀ tí kì í dá ń ṣe. Ta tiẹ̀ ni Willebrand yìí? — Ìyá Tọ́pẹ́, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Hemofíliá ni Bàbá Tọ́pẹ́ ń sọ, òun ló sábà máa ń mú ọkùnrin. Eléyìí yàtọ̀. Ara ọmọdébìnrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Dókítà ọmọ Finland ni Erik von Willebrand. Ní 1924, wọ́n gbé ọmọ ọdún 5 kan tó ń jẹ́ Hjördis wá bá a ní Helsinki, láti erékùṣù Föglö. Ọmọ náà ti fi ètè ṣèṣe rí, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ̀mí rẹ̀. Dókítà mìíràn ì bá tọ́jú rẹ̀, kó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Willebrand bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ni: ìyá ńkọ́? Ìyá ìyá ńkọ́? Ó tọpa ẹbí náà dé orí èèyàn 66, ó rí i pé àrùn náà ń ti ara òbí dé ara ọmọ, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń dí ojú ọgbẹ́ pé, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò tètè dá. Ó kọ ọ́ jáde ní 1926. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn wá rí i pé èròjà tó ń lẹ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn mọ́ ojú ọgbẹ́, bíi gọ́ọ̀mù, ni kò tó lára wọn.

Hjördis kò jàǹfààní rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni, nǹkan oṣù rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fo lẹ́tà àwọn yòókù wá bá tiyín.

Ní Kaduna, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá tí wánzámì, oníṣẹ́ abẹ ìbílẹ̀ Hausa, gé bẹ́lubẹ́lu rẹ̀. Aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí ara ọmọ balẹ̀ ni obìnrin náà rọra sọ pé gbogbo ìgbà tí òun bá bímọ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Kò sẹ́ni tó bi í nínú wa. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ gbé ọmọ lọ bá dókítà onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní Gwagwalada. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá ní kò sí nǹkan, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe, nítorí èròjà bíi gọ́ọ̀mù yẹn a máa lọ sókè sódò. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa tranexamic acid, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Inú rírun? Parasitamọ́ọ̀ ni kó lò, kó má fẹnu kan pàúdà orí fífọ́ tí aspirin wà nínú rẹ̀. Bí páàdì bá ń kún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ọjọ́ mélòó ni tiyín máa ń gbà? Kí Bàbá Tọ́pẹ́ náà tẹ ìyá wọn láago, kí wọ́n bi màmá bí ẹ̀jẹ̀ màmá ṣe dá lọ́jọ́ tí màmá bí wọn.