Ọ̀pá ìpẹja wo ló lè ju ìdẹ ńlá?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dáàmù Èrò n'Íkùn-Èkìtì ni mo ti ń pẹja, mo ra àwọn ìdẹ onírọ́bà ńlá ńlá, òmíì tó 100 gíráàmù, ọ̀pá mi ò gbé e rárá. Owó ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì náwó yẹn o. Kọ́kọ́ wo ara ọ̀pá lókè ibi ìdìmú, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ìdẹ tó lè jù síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti bíi 40 dé 150 gíráàmù, torí tó o bá ra èyí tó le jù, ìdẹ kékeré ò ní lọ jìnnà, èyí tó rọ̀ jù náà lè kán mọ́ ẹ lọ́wọ́ níbi tó o ti ń fagbára jù ú. Ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ni mo fẹ́ràn jù. Kí orí ẹ̀ máa tẹ̀ díẹ̀ kí ìdí ẹ̀ le, kí ìwọ̀ lè wọ ẹja lẹ́nu dáadáa. Ìdìmú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ méjèèjì, jíju nǹkan wúwo látàárọ̀ ń dun èjìká gan-an, mo mọ̀ ọ́n lára! Okùn híhun tó lè gbé ìwúwo bíi 65 páùn láì já ni kó o fi sí i, tín-ín-rín máa já, ìdẹ ẹ lọ nìyẹn.