Ojú ìyá ìyàwó kì í ṣe ojú ìyàwó

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ náà bá wa láyọ̀. Ẹ ní ẹ ti pé ọdún 55, pé níbi òkú tí ẹ lọ ṣe ní Mókọ́lá, ọmọ tó kun ojú yín kùn ún dáadáa láàárọ̀, àmọ́ kó tó di ọwọ́ ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti là lábẹ́ ojú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, nínú fọ́tò ẹ wá dàgbà ju màmá tí wọ́n sin lọ. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Ìgbéyàwó ọmọ yín wá di oṣù Kejìlá, ẹ sì ń béèrè foundation olówó ńlá wo, ìpara aláwọ̀ ara tí a fi ń tẹ́ ojú, ni kí ẹ rà.

Ẹ fi owó yẹn pamọ́ ná. Èmi alára ti lé ní 60, ojú kíkùn ni iṣẹ́ mi níbí, àwọn ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, torí àwọn ọmọge ti ní ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń lọ bá. Ohun tí mo rí lójú àwọn ìyá yẹn, àti lójú ara mi, ni mo fẹ́ sọ.

Awọ ló yí padà. Tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, epo tí ojú ń sun fúnra rẹ̀ á dínkù, omi kì í sì í pẹ́ nínú awọ mọ́. Collagen, tó ń mú kí awọ ki kó sì le, àwọn oníṣègùn awọ ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ ló máa ń lọ láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́. Ẹ wá bu àtíkè lé irú awọ bẹ́ẹ̀. Àtíkè á fa ìwọ̀nba epo àti omi tó ṣẹ́kù, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì rẹ́rìn-ín, á sá wọ inú ìlà ìhunjọ ojú. Ìyá ìyàwó wo ni kì í rẹ́rìn-ín? Ẹni tó bá fi amọ̀ rẹ́ ògiri gbígbẹ láìwọ́n omi sí i, ṣé kò mọ̀ pé ó máa là ni? Foundation olówó iyebíye náà á là.

Oṣù Kejìlá sì ni ìgbà ọyẹ́. Ọyẹ́ Ìbàdàn kò tó ti Kánò, síbẹ̀ ẹ mọ bó ṣe ń bó ètè ènìyàn láàárọ̀. Iṣẹ́ ojú yín ti bẹ̀rẹ̀ láti òní lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gba ọṣẹ dúdú kúrò lójú. Mi ò bá ọṣẹ dúdú jà, òun ni mo fi ń wẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n eérú inú rẹ̀ le jù fún ojú tí kò ní epo tó mọ́. Ẹ wá ọṣẹ olómi tí ojú kì í fà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá fọ ojú tán, kó tó gbẹ pátápátá ni kí ẹ ti fi ìpara sí i; èyí tí wọ́n kọ glycerin sí lára ike rẹ̀ dára, kò sì wọ́n. Lálẹ́, ẹ fi òrí díẹ̀ lé e, òrí gidi tó ń rùn bí òrí. Òrí ò ní omi lára, ohun tó ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí omi tó wà nísàlẹ̀ sá lọ, ìdí nìyẹn tí ìpara fi gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ òde, ẹ má fi òrí kan ojú rárá, foundation á máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Wọ́n á tún sọ fún yín pé kí ẹ lo retinol, èròjà kan tí wọ́n ń fi sínú ìpara ojú. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ ojú, awọ ojú á sì máa bó kó tó mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá.

Sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ẹ lò ó lójoojúmọ́, SPF (ìwọ̀n agbára rẹ̀) 30 sókè, ẹ sì tún un fi lẹ́yìn wákàtí méjì tí ẹ bá wà nínú oòrùn. Dúdú tí a dúdú ò ní kí oòrùn má fi àpá dúdú sí wa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tí wọ́n ti po àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ ló dára jù fún irú wa: kì í jẹ́ kí ojú funfun bí ti eégún, iron oxide inú rẹ̀ sì ń dá irú ìmọ́lẹ̀ tó ń mú àpá yẹn ṣú dúró.

Ìpara tí wọ́n ń pò sínú ike lójú ẹni lọ́jà, tí wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ méjì ojú á mọ́, ẹ sá fún un. Mercury, hydroquinone, steroid, ẹ ò mọ èwo ni wọ́n bù sí i. Steroid máa ń mú kí awọ tín-ín-rín, tiwa sì ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀. Mo ti kun ojú àwọn tó lò ó. Iṣan á hàn, àpá á ṣú sí i, kò sí ohun tí mo lè fi bò ó tí kò ní hàn. Ẹni tí àpá bá ń dà láàmú, kó lọ rí dókítà awọ ní ilé ìwòsàn UCH. Bákan náà ni àwọn hóró dúdú kéékèèké tó máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú wa bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè: wọn kì í ṣe àìsàn, ìdílé ẹlòmíràn ni wọ́n ti wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹ́míkà jó wọn, ẹ má sì rì wọ́n sábẹ́ concealer, ìpara tí a fi ń bo àpá, ńṣe ni wọ́n á tún yọ jáde bí òkìtì.

Ó wá ku ọjọ́ náà gan-an. Ìdí fèrèsé ni kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Ẹ fi ìpara sójú, ẹ lọ mu tíì yín fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè wọlé. Foundation tó ṣàn díẹ̀ ni kí ẹ lò, díẹ̀díẹ̀, láti àárín ojú lọ sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú fóòmù tí ẹ ti rẹ sómi tí ẹ sì fún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, ẹ má fà á. Ibi tí àwọ̀ bá ti dọ́gba, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀pọ̀ wa dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọrùn ni kí ojú bá mu. Tí ẹ bá lọ rà á ní Alẹ́ṣinlóyè, ẹ fi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ jáde sí ìta, ẹ ra ata yín ná, kí ẹ tó padà wá sanwó. Àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń ṣú díẹ̀ tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ọmọ tó ń tà á á ní, “Mọ̀mí, ó bá yín mu gan-an ni.” Àní ẹ jáde síta.

Concealer, igun ojú tó kangun sí imú ni kó mọ. Àwọn ọmọ ìsìnyí máa ń kó àtíkè jọ sábẹ́ ojú, wọ́n á ní kó jinná. Ó dára fún ọmọ ọdún 22. Tiyín, búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ̀gbẹ́ imú, àgbọ̀n, àárín iwájú orí, ó tán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa ti wọlé fúnra rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má tún fi àwọ̀ dúdú gbẹ́ ẹ, ẹ á dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó jẹ́ oníìpara, kó sì wà lókè, súnmọ́ etí. Wọ́n kọ́ wa pé ká rẹ́rìn-ín ká kun ibi tó bá yọ. Ní ọjọ́ orí wa, tí ẹ bá pa ẹnu dé, pupa náà á ti sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Ojú: ohun tó ń dán á fi gbogbo ìhunjọ ìpéǹpéjú hàn, àwọ̀ ilẹ̀ tí kò dán ló dára. Irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá tó gùn jù á tẹ ìpéǹpéjú tó ti ń wálẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Irun òkè ojú, pẹ́ńsù brown tó ṣú, kó má ṣe dúdú kirikiri.

Tìróò? Mo mọ̀ pé ìyá yín fi í sí yín lójú, tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń fi tìróò tó wá láti Nàìjíríà sí lójú. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé inú rẹ̀ ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Pẹ́ńsù ojú ni kí ẹ lò. Tí ọmọ-ọmọ bá sì dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tìróò sún mọ́ ọn.

Ètè kò le: pẹ́ńsù ká etí rẹ̀ kí lipstick má bàa ṣàn sínú ìlà, lẹ́yìn náà lipstick ọlọ́ràá. Èyí tó ń gbẹ kangan yẹn, ẹ fi fún ìyàwó.

Kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹnì kan fi fóònù tó ń tan iná yà yín. Àtíkè mìíràn wà tí kì í hàn lójú lásán, àmọ́ tó máa ń funfun báláú tí iná kámẹ́rà bá kàn án. Ẹ tún sọ fún ẹni tó ń wé gèlè pé kó má fà á jù ní ẹ̀bátí, ẹ̀fọ́rí ló máa ń fà, ìyá tí orí ń fọ́ kò sì ní àtíkè tó lè tún ojú rẹ̀ ṣe.

Ọmọ tó máa kùn yín, ẹ pè é ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó wá dán an wò. Kó kùn yín láàárọ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, kí ẹ jẹun, kí ẹ làágùn, kí ẹ ya fọ́tò nígbà tó bá di ọ̀sán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i. Tó bá bínú pé ẹ ń kọ́ òun níṣẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn, wọn ò wọ́n nílùú yìí. Àmọ́ ẹ sanwó ọjọ́ ìdánwò náà fún un o. Iṣẹ́ ló ṣe.