Dókítà ni àbí ẹ̀ńjìníà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ta ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá ètò kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn?

Ìdáhùn: Ipò méjì ni, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́, tó lè jẹ́ ẹ̀ńjìníà, ló ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, owó àti àdéhùn. Èkejì ló ń bójú tó bí àwọn dókítà ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú aláìsàn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà tó ṣì ń rí aláìsàn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ le: bí ìkìlọ̀ tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí dókítà ń kọ oògùn bá pọ̀ jù, àwọn dókítà á máa tẹ̀ ẹ́ kọjá láìkà á, títí kan èyí tó sọ pé oògùn náà lè pa aláìsàn. Kí ẹni kejì yìí yọ àwọn ìkìlọ̀ tí kò wúlò kúrò. Kó sì rí i pé oògùn tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ kò dé ilé oògùn àfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i.